Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì Àgbà: "Tíọ́rì ò lè gún abẹ́rẹ́, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, àmọ́ ó yà mí lẹ́nu pé mẹ́rin nínú wọn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láì mọra wọn rárá. Ọ̀kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan jẹ́ ọmọ aláìsàn, ọ̀kan wà nílùú ọba, ẹni kẹrin sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ bíi tèmi. Mo wá kó wọn pọ̀ sójú kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di oṣù tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Mo wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mà, tíọ́rì, ìyẹn èrò táwọn àgbà nọ́ọ̀sì kọ sínú ìwé nípa ohun tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹ́, ti sú mi. Nightingale, Henderson, Orem, Roy, Watson, gbogbo wọn là ń há sórí bí orin, tá a bá wá dé wọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni ò ní bi wá ní nǹkan kan nípa wọn, wọ́n á kàn ní ká lọ wo BP, ká lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ká sáré lọ sí lábù. Ọ̀gá wa kan tiẹ̀ sọ lójú wa pé tíọ́rì ò lè gún abẹ́rẹ́. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fàkókò wa ṣòfò báyìí? (Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èmi náà há a sórí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, mo pàásì, mo sì gbàgbé ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ọ̀gá yín ò purọ́ o, tíọ́rì ò lè gún abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kó o tó gún un, kí lo máa wò lára ẹni yẹn? Tó o bá gún un tán ńkọ́? Ibẹ̀ niṣẹ́ ẹ̀ wà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìẹ ni mí nígbà yẹn. Mo gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti táwẹ́lì kékeré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá kan, mo fẹ́ yára wẹ̀ fún un torí ó ṣì ku àwọn mẹ́fà tí mo gbọ́dọ̀ wẹ̀ fún kí àwọn dókítà tó dé. Káfíńtà ni bàbá yẹn, rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́. Sístà tó ni wọ́ọ̀dù wá dúró sẹ́yìn mi, ó ní, "Gbé táwẹ́lì yẹn fún wọn." Mo ní, "Sístà, ọwọ́ wọn ò ṣiṣẹ́." Ó ní, "Ọwọ́ wo? Mélòó lọwọ́ èèyàn?"

Mo bá fi táwẹ́lì sọ́wọ́ òsì bàbá. Ó já bọ́, mo mú un fún un. Ó tún já bọ́. Ó fi nu ojú, omi ń ṣàn wọnú ọrùn ẹ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti ń tutù, ọkàn mi ń sáré torí àwọn mẹ́fà tó kù, ó ku díẹ̀ kí n já a gbà, sístà di ọwọ́ mi mú. Á tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí bàbá tó nu ojú, ọrùn àti àyà tán, èmi wá ṣe ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Bàbá tí ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó já gaara látọjọ́ mẹ́rin na táwẹ́lì yẹn sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ẹnu ẹ̀ wọ́ sápá kan.

Mo délé lálẹ́, mo ṣí nóòtì mi, bí mo ṣe rí Orem níbẹ̀ nìyẹn. Dorothea Orem, ará Amẹ́ríkà ni, ìwé ẹ̀ jáde ní 1971. Ohun tó ń sọ ni pé olúkúlùkù ló ń tọ́jú ara ẹ̀, ibi tí agbára ẹni yẹn ò bá ká mọ́ ni nọ́ọ̀sì ti ń wọlé. Ẹlòmíì wà tá a máa ṣe gbogbo ẹ̀ fún, bí ẹni tó dákú lọ gbári. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé àjọṣe ni, a ṣe díẹ̀, ó ṣe díẹ̀. Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé ká kọ́ ọ, ká kì í láyà, ká yẹra kó lè ṣe é fúnra ẹ̀. Mo ti há a sórí tẹ́lẹ̀ o, kò nítumọ̀. Àfi ìgbà tí mo rí i lọ́wọ́ òsì bàbá káfíńtà. Kó tó dọjọ́ yẹn, lójú tèmi, nọ́ọ̀sì tó dáa ni ẹni tó bá aláìsàn ṣe gbogbo nǹkan, kíá, láìjẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ń pè é ní àánú. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fi àánú gba ìwọ̀nba ọwọ́ tó kù fún ẹni ẹlẹ́ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ti Virginia Henderson. Ní 1966 ó tún sọ ohun tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ sínú ìwé, pé ká bá èèyàn ṣe ohun tí ì bá ṣe fúnra ẹ̀ ká ní ó ní agbára, tàbí ìfẹ́ ọkàn, tàbí ìmọ̀ láti ṣe é, ì báà jẹ́ kára ẹ̀ lè yá, ì báà jẹ́ kó lè kú nírọ̀rùn. Gbé ohun mẹ́rìnlá tó ní gbogbo èèyàn nílò sílẹ̀ ná, ìyẹn mímí, jíjẹ, títọ̀, sísùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wàá kọ ìyẹn nínú ìdánwò. Mú mẹ́ta yẹn dání: agbára, ìfẹ́, ìmọ̀.

Bàbá kan wà ní kílíníìkì àtọ̀gbẹ níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ṣúgà ẹ̀ kì í wálẹ̀, ó ń gún insulin nílé lójoojúmọ́, ṣúgà ń lọ sókè ṣáá. Gbogbo wa ti kọ ọ́ sínú fáìlì ẹ̀ pé kì í gbọ́ràn. Wọ́n wàásù fún un títí, wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀ á jẹrà, wọ́n fi fọ́tò ẹsẹ̀ jíjẹrà hàn án, á kàn máa ní "mo gbọ́, mo gbọ́". Lọ́jọ́ kan ni mo wá bi ara mi ní ìbéèrè Henderson yẹn. Ṣé ìmọ̀ ni bàbá yìí ò ní? Rárá o, ó lè ka gbogbo ìwàásù wa padà fún wa. Ìfẹ́ ńkọ́? Kì í pa ọjọ́ kílíníìkì jẹ. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi fà á sínú síríńjì kí n rí i." Ó gbé síríńjì sókè sójú wíńdò, ó ń yí i síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún, ó fà á, ó ní ó ti tó. Ogún yúníìtì ló yẹ kó fà. Mẹ́jọ ló fà. Àwọn ìlà tín-ín-tín yẹn ni ò rí, ojú ló ti lọ, ó sì ń tì í lójú láti sọ fáwọn ọmọ kéékèèké tó ń bá a wí. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti kọ "kì í gbọ́ràn" sínú fáìlì ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ obìnrin la kọ́ bó ṣe máa bá a fà á.

Àní Nightingale tẹ́ ẹ rò pé fìtílà nìkan ló ń gbé kiri, ìṣirò ló gbé dání jù. Nígbà tó kó obìnrin 38 lọ tọ́jú àwọn sójà ogun ní ọsibítù Scutari ní 1854, lórílẹ̀-èdè Tọ́kì, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ló ń pa sójà ju ọta ìbọn lọ. Kì í kúkú ṣe fífọ egbò nìkan ló yí i padà, ìgbà tí ìjọba ránṣẹ́ sáwọn tó wá kó ìdọ̀tí inú gọ́tà abẹ́ ọsibítù yẹn ní 1855, tí wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, ni ikú já wálẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó kó fígọ̀ yẹn jọ, ó rò ó, ìwé tó kọ ní 1859 ti kún fún afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, ìmọ́tótó àti ìdákẹ́jẹ́. Ó tiẹ̀ bá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú yàrá aláìsàn wí, ó bá àwọn tó ń wá kí èèyàn tí wọ́n á ní "ò ní pẹ́ yá, kò sí nǹkan kan" láì mọ nǹkan kan nípa àìsàn ẹ̀ wí. (Ká ní ó rí wọ́ọ̀dù wa lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday!) Torí náà tó o bá wà ní náìtì, tó o bọ́ bàtà tó ń dún kọ̀kọ̀kọ̀, tó o sì yí fóònù ẹ sísàlẹ̀, tíọ́rì lò ń ṣe yẹn.

Mi ò ní tàn ẹ́, àwọn kan wà nínú wọn tí èdè wọn le bí ẹni ń jẹ òkúta, Roy wà lára wọn lójú tèmi, kàn há ìyẹn sórí kó o pàásì. Ṣùgbọ́n mú aláìsàn kan lọ́sẹ̀ yìí, ẹnì kan ṣoṣo, kó o fi ìbéèrè mẹ́ta Henderson yẹn wò ó kó o tó kọ care plan ẹ̀, ìyẹn ètò bó o ṣe máa tọ́jú ẹ̀. Kọ̀wé sí mi padà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹ lẹ́ mà. Ìyá mi lé ní àádọ́rin ọdún, a gbé wọn lọ sí ọsibítù nítorí kídìnrín. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, kò kí wọn, kò kí èmi náà, ó ní "Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, ẹ yíjú síbí", ló bá ká ìró wọn sókè láì fa kọ́tìnì, lójú gbogbo wọ́ọ̀dù. Ìyá mi sunkún. Lọ́jọ́ kejì wọ́n rí agbo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú òróró àdúrà, wọ́n da méjèèjì sínú dọ́sítíbìnì, wọ́n sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ nìyí? (Ọmọ ìyá, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ má bínú sà, ẹ bá mi bẹ màmá. Rárá o, òdìkejì ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Hildegard Peplau kọ ọ́ sínú ìwé láti 1952 pé nígbà tí nọ́ọ̀sì àti aláìsàn bá kọ́kọ́ pàdé, àlejò ni wọ́n jẹ́ síra wọn, irú ọ̀wọ̀ tá a ń bù fún àlejò la gbọ́dọ̀ bù fún un ká tó fọwọ́ kan ara ẹ̀. Àwa tá à ń kí ẹni tó ń jẹun, tá à ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tá à ń kí ẹni tó jókòó lásán! Àwa ló yẹ kó mọ ìyẹn jù, àmọ́ tí èèyàn bá ti wọ yúnífọ́ọ̀mù báyìí ó jọ pé ẹnu ìkíni ń wú. Ẹ káàárọ̀ mà, nọ́ọ̀sì lágbájá lorúkọ mi, mo fẹ́ wo ẹ̀yìn yín, ẹ jẹ́ kí n fa kọ́tìnì. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ agbo àti òróró, mi ò ní gbè sẹ́yìn yín tán níbẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà kan wà, Madeleine Leininger, tó tún kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà àwọn èèyàn, ó lọ bá àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Gadsup gbé ní Papua New Guinea. Ó rí i pé ìtọ́jú tí ò bá mọ àṣà ẹni tó ń tọ́jú, kò lè wọ̀ ọ́ lára. Ó wá ní nígbà tí nọ́ọ̀sì bá bá àṣà pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: ó lè jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n jọ dúnàádúrà, tàbí kí wọ́n jọ wá bí wọ́n ṣe máa yí i padà. Òróró àdúrà, kí ló ń ṣe fún kídìnrín? Kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyá, kó máa fi pa orí. Agbo lohun tí wọ́n ní láti bá yín yanjú, torí kídìnrín tó ti ń ṣàìsàn ò lágbára láti gbé ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ó sì lè bá oògùn ọsibítù jà. Mo bá ẹ̀yin náà wí díẹ̀, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló yẹ kí agbo wà, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó dà á nù tó tún ń fi yín rẹ́rìn-ín ò tíì yanjú nǹkan kan, ohun tó kọ́ yín ni pé lọ́jọ́ mìíì kẹ́ ẹ bù ú sínú fíláàsì kẹ́ ẹ pè é ní tíì. Mo ti rí fíláàsì bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta ni kò tiẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé èyí fún. Ní Arò, lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ọsibítù, mọ̀lẹ́bí kan á wà pẹ̀lú aláìsàn, á máa se oúnjẹ fún un, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé ló wá wò ó. Kí Leininger tó kọ tiẹ̀ jáde rárá nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé: ẹ má pariwo ní wọ́ọ̀dù, ẹ béèrè ẹni tó ń ṣàkóso ibẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ àti àkókò tó ṣẹlẹ̀ fún un, ẹ dárúkọ kọ́tìnì yẹn ní pàtàkì. Tí ò bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mátírọ́ọ̀nù.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, ó ń lọ sí ọdún méjì. Bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún wà ní wọ́ọ̀dù wa, mo ń pè é ní "Daddy" torí mi ò lè pe àgbà lórúkọ, mánéjà pè mí, ó ní kí n yéé pè é bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí, ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún un. Òmíì tiẹ̀ ní òun ò fẹ́ ọwọ́ dúdú lára òun. Ṣé tíọ́rì kan wà fún ìyẹn náà? (Ọmọ Ìjẹ̀bú)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìjẹ̀bú, o ṣé. Tó o bá ka èsì tó wà lókè yìí, Leininger kan náà ló máa bá ẹ wí. Àṣà tìẹ ni "Daddy", kì í ṣe tiẹ̀. Lójú òyìnbó míì, ńṣe lò ń sọ ọ́ di ọmọdé tàbí bàbá ẹni tí kò mọ̀ rí. Àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ kúkú fi í ṣe òfin àkọ́kọ́ nínú ìwé ìlànà wọn, pé kí wọ́n tọ́jú kálukú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹ́, kí wọ́n sì pa iyì ẹ̀ mọ́. Bi í pé, kí lẹ fẹ́ kí n máa pè yín? Tó bá ní John, pè é ní John, kúnlẹ̀ nínú ọkàn ẹ.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, ìyẹn kì í ṣe àṣà, ìwọ̀sí ni, kò sí tíọ́rì tó ní kó o gbé e mì. Sọ fún mánéjà, kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kọ́fowórọlá Pratt, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1915, lọ kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas' ní London, ní ilé ẹ̀kọ́ tí Nightingale fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1860, aláìsàn kan kọ̀ ọ́ níbẹ̀ torí àwọ̀ ẹ̀. Ó parí ẹ̀kọ́, ó padà sílé, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Ìdí tí mo fi dárúkọ ẹ̀ ni pé kò fi ohun tí wọ́n ṣe fún un sọ iṣẹ́ di kékeré lójú ara ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì báyìí lè to tíọ́rì fún wa títí di alẹ́, aláìsàn á máa kú lọ lójú wọn wọn ò ní mọ̀. Ìrírí ni tèmi. Àti pé nọ́ọ̀sì kan sí ogójì aláìsàn lóru, tíọ́rì wo ló fẹ́ wọ ibẹ̀? (Mátírọ́ọ̀nù tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ẹ dùn mọ́ mi. Àwọn ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ o, ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Patricia Benner kọ ìwé kan ní 1984 nípa irú ẹ gan-an, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ti orí ìpele ẹni tí ò mọ nǹkan kan bọ́ sórí ìpele karùn-ún títí á fi dẹni tó kàn wo ojú aláìsàn látẹnu ọ̀nà tó máa ní "ẹ pe dókítà", kí ẹ̀rọ tó ké. Àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́ ló lọ bá, ó ní kí wọ́n sọ ohun tójú wọn rí fún òun. Ìrírí tó ò ń fi bá tíọ́rì jà yẹn, òun náà ti di tíọ́rì.

Ti nọ́ọ̀sì kan sí ogójì aláìsàn, mi ò ní èsì dídùn. Tíọ́rì ò lè di ọwọ́ kejì. Ìjọba ló yẹ kó gba èèyàn síṣẹ́, kó sì sanwó tí wọn ò fi ní máa sá lọ bá Ọmọ Ìjẹ̀bú ní London. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé lóru tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ ju ọwọ́ lọ, àwọn mẹ́ta Orem yẹn ló ń sọ fún mi ta ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sáré bá, ta ni mo lè gbé táwẹ́lì fún, ta ni màmá ẹ̀ tó jókòó tì í lè bá mi yí sápá kejì kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà di egbò.

Àṣírí kan rèé tí mo fi pa mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa lókè. Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá káfíńtà, mo pàdé sístà yẹn níbi ìgbéyàwó kan, ó ti fẹ̀yìn tì, gèlè ẹ̀ tóbi bí agboòrùn. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo dúpẹ́, mo ní ọjọ́ yẹn ni tíọ́rì Orem tó yé mi. Ó wò mí. "Orem? Ta ni yẹn?" Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó ní rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá òun, ọdún mẹ́ta lòun fi tọ́jú wọn nílé, ó wá bi mí pé, "Orem tó ò ń sọ yìí, ṣé òun náà wẹ̀ fún bàbá ẹ̀ rí ni?"